Kòkòrò jẹ ewé igi òrí wa tán: ká fín in lóògùn ni, àbí ká fi sílẹ̀?

ỌmọIgbájà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ oko bàbá wa ní ìhà Igbájà ni mo gbé wá. Àwọn igi òrí tó ti dàgbà wà nínú oko náà, àárín wọn la máa ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sí. Láìpẹ́ yìí ni kòkòrò kan ya bò wọ́n. Dúdú ni, àwọ̀ ìyeyè wà lára rẹ̀, irun funfun tín-ín-rín sì bò ó. Bí èèyàn bá dúró lábẹ́ igi, á máa gbọ́ bí ìgbẹ́ wọn ṣe ń já lu ewé gbígbẹ nílẹ̀, tà-tà-tà. Àwọn igi kan ti wà níhòòhò, ẹ̀ka lásán ló kù.

Àbúrò mi ti ra oògùn apakòkòrò, ó lóun máa fín gbogbo rẹ̀ ní Sátidé. Ẹ̀gbọ́n kan ní abúlé sì ní igi tó ti kú ni, ká kúkú tà á fún àwọn tó ń sun èédú. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù kí n bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé igi yìí máa padà rúwé? Àbí kí n jẹ́ kó fín in?

ÌyáAlátẹ_Ìpàta
Ta ló fẹ́ fín kànnì tí à ń jẹ lóògùn? Ẹ bá mi di ọwọ́ ọmọkùnrin yẹn mú o! Ohun tí àwa ń dá owó mọ́tò lọ wá dé Bódè Sáàdú, ẹ̀yin ní i lọ́fẹ̀ẹ́ nínú oko bàbá yín, ẹ ń wá oògùn sí i. Ẹ má fín nǹkan kan. Ẹ wá ọmọ, ẹ wá garawa.

TísàBàọ́lọ́jì
Ìyá ti sojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe kòkòrò yìí ni Cirina forda. Àwọn kan nínú wọn ti ya èyí tó ń jẹ igi òrí sọ́tọ̀, Cirina butyrospermi ni wọ́n ń pè é. Ọmọ àfòpiná ni. Àfòpiná yẹn fúnra rẹ̀ kì í jẹun rárá, kò ní ẹnu tó lè fi jẹ ẹ́. Èyí tó jẹ nígbà tó wà ní ìdin ló ń ná títí á fi kú, kì í sì í pẹ́ kú. Kó gùn, kó yé ẹyin, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Á to ẹyin náà mọ́ra wọn yí ẹ̀ka tín-ín-rín po. Bí ẹyin bá pa, àwọn ọmọ á wà lójú kan, wọ́n á jùmọ̀ máa jẹun. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí igi kan tí kò ní ewé kan mọ́, tí èkejì rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀.

Ìran kan ṣoṣo ló ń ṣe lọ́dún. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ lẹ máa rí ìdin, láti bí oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ. Tó bá yó tán á já sílẹ̀, á wa ilẹ̀ wọlé lábẹ́ igi, á di sùsù kan tí kì í jẹ tí kì í mu. Ibẹ̀ ló máa wà jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò ọdún tó ń bọ̀. Wọn ò ní padà wá jẹ ewé tuntun tí igi bá rú lọ́dún yìí. Igi òrí sì ni, ó máa ń wọ́wé fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, ìhòòhò kì í ṣe nǹkan tuntun lára rẹ̀. Á rúwé.

Ẹ̀yin ará Kwara, ẹ má sì fojú kékeré wo kòkòrò yìí. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ lé e lórí ní Yunifásítì Ìlọrin nílé wa níbí. Fasoranti àti Ajiboye kọ̀wé ní 1993 lórí àwọn kòkòrò tí à ń jẹ ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Lẹ́yìn náà, Ande àti Fasoranti kọ tiwọn lórí ìgbésí ayé ẹyọ kan yìí, bó ṣe ń jẹun àti bó ṣe ń gbèjà ara rẹ̀.

Ṣọlá_Ìlú_Èkó
Mo ń ka gbogbo èyí, ara mi ń yún mi. Ẹ̀ ń jẹ ẹ́?

ÌyáAlátẹ_Ìpàta
@Ṣọlá, edé tí o fi ń se ọbẹ̀ ní Èkó, kí ni ìyẹn? Ẹran màlúù ni?

ỌmọIgbájà
Ẹ ṣé gan-an. Ọkàn mi ti ń balẹ̀ díẹ̀. Èso wá ńkọ́? Ìyá wa ló ń ṣa kóró lábẹ́ àwọn igi yẹn, òun náà ló ń fi ṣe òrí. Ẹ̀rù ń bà á pé lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní sí nǹkan kan láti ṣà.

Àgbẹ̀Ṣàrẹ́
Bá mi kí màmá. Ẹ wò ó: ẹ̀ẹ̀rùn ni igi òrí ń tanná, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta. Èso rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti oṣù Kẹrin, Karùn-ún lọ. Nígbà tí kòkòrò yìí bá fi máa sanra débi tí á fi jẹ igi ní àjẹtán, èyí tó pọ̀ jù nínú èso ti já, màmá ti ṣà á sílé. Ti ọdún yìí ò bá a lọ. Mi ò ní purọ́ pé kò mú nǹkan kan lára igi o. Igi tí wọ́n bá jẹ ewé rẹ̀ tán á fi agbára rẹ̀ rú òmíràn, igi tó bá sì ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ lè pẹ́ kó tó gbádùn. Ṣùgbọ́n àwọn igi inú oko tiwa ń rí kòkòrò yìí láti ìgbà tí bàbá mi ti wà lọ́mọdé, wọ́n ṣì ń so.

Ibi tó yẹ kí ẹ tọ́jú ni àwọn ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́, igi tí kò tíì ju èèyàn lọ. Ewé mélòó ló ní? Ẹ fọwọ́ mú kòkòrò kúrò lórí ìwọ̀nyẹn, ẹ gbé wọn lọ sórí igi ńlá, ó parí.

Ẹni tó ní kí ẹ sun ún léèédú, ẹ bi í pé ìgbà wo ni èyí tí ẹ bá gbìn dípò rẹ̀ máa so. Igi òrí lè tó ọdún 15 sí 20 kó tó so èso àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń gbìn ín, tí a kàn ń dá a sí nígbà tí a bá ń ṣán oko. Tí ẹ bá ta igi bàbá yín lóṣù yìí, àwọn ọmọ yín ló máa san án. Ẹ tún rántí pé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ dá kíkó kóró òrí jáde kúrò nílẹ̀ wa dúró fún oṣù mẹ́fà, wọ́n ní kí a máa fi ṣe òrí níbí ká tó tà á. Bí ọjà náà ṣe ń lọ ṣe ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kálukú ló ní ohun tó rí sọ, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé kì í ṣe igi tí èèyàn ń sọ di èédú ní sáà yìí.

Ọlọ́jà_Mándàtẹ́
Ọ̀rọ̀ oògùn yẹn, ẹ má jẹ́ ká gbójú fò ó. Àwọn ọmọdé abúlé kì í bèèrè lọ́wọ́ onílẹ̀ kí wọ́n tó lọ ṣa mùnímùní, kànnì yìí kan náà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, wọ́n ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́. Tí àbúrò yín bá fín in ní Sátidé, tí kòkòrò bá já sílẹ̀ ní Sátidé alẹ́, ní Sọ́ńdè ó ti wà nínú ìkòkò ẹnìkan. Bíbọ̀ kì í bọ́ oògùn kúrò lára rẹ̀. Oògùn tó dà sórí igi náà, orí àgbàdo tó wà nísàlẹ̀ ló ń kán sí. Àwa tó ń rà á lọ́jà, ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi ń sá fún irú rẹ̀ ni pé ká mọ ẹni tó ń tà á fún wa. Èyí tí wọ́n bá kó wá ní òkú láti orí igi, mi kì í rà á. Mo máa ń bèèrè: ṣé ààyè lẹ kó o?

ỌmọIgbájà
Mo ti pe àbúrò mi. Ó ti gbé oògùn náà padà sórí àjà. Ó wá ń bi mí báyìí pé báwo ni wọ́n ṣe ń kó o, kóńgò mélòó ló máa tó. 😀 Ìyá Alátẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wa.

ÌyáAlátẹ_Ìpàta
Ẹ̀hẹ́n! Ọ̀rọ̀ wá dùn.

Àkọ́kọ́, ẹ má kánjú. Èyí tó ṣì tín-ín-rín, tí kò tíì tó ìka àárín, ẹ fi sílẹ̀ lórí igi. Tí ẹ bá bọ̀ ọ́, á sún kì sí awọ, ẹ ò ní rí nǹkan kan tà. Ẹ dúró dìgbà tó bá sanra bọ̀kọ̀tọ̀, tó fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, kí oòrùn tó le. Ẹ mú un láti ara igi àti ilẹ̀, ẹ má ṣe gé ẹ̀ka. Mo ti rí àwọn tó ń gé ẹ̀ka tán torí kòkòrò. Ẹni tó gé ẹ̀ka òrí lónìí, èso ló gé.

Tí ẹ bá kó o délé, ẹ má tíì gbé iná. Ewé kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ kó o sínú garawa tàbí bàsíà tó jìn, ẹ má fi ewé kan sí i, kó sùn mọ́jú. Á yàgbẹ́ gbogbo ewé yẹn sílẹ̀. Ẹ bo orí rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan tí atẹ́gùn lè gbà wọlé, torí ó ń gun ògiri garawa, ẹ lè jí kí ẹ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Láàárọ̀, ẹ fomi ṣàn án, ẹ tún fomi ṣàn án, títí omi á fi mọ́. Àwọn tí kò ní sùúrù ló ń bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kó yàgbẹ́, òun ni ẹ fi ń jẹ èyí tó korò lẹ́nu tó sì ní iyanrìn.

Ẹ wá gbé omi kaná. Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa kí ẹ tó da kòkòrò sí i, pẹ̀lú iyọ̀. Bó bá ti kan omi gbígbóná, á nà gbọnrangandan. Ẹ jẹ́ kó hó pẹ́. Àwọ̀ omi náà á yí padà, á dà bí àgbo, èérí òkè rẹ̀ lẹ máa fi ṣíbí gbá kúrò. Ẹ jọ ọ́ nínú ajere, ẹ da omi yẹn nù. Lẹ́yìn náà ẹ sá a sórí tapólì tàbí ẹní tó mọ́, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ títì o, èéfín mọ́tò àti eruku ò dára. Ẹ máa yí i. Òjò lẹ máa bá jà nínú oṣù yìí. Tí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ kó o wọlé, tàbí kí ẹ gbé e sórí àgbá nítòsí ààrò kí ooru iná máa gbẹ ẹ́. Ẹ máa mọ̀ pé ó ti gbẹ tí ẹ bá gbọn abọ́ tí ó ń dún ṣawá-ṣawá, tí ẹ sì tẹ ẹyọ kan tí ó ṣẹ́ sí méjì pẹ̀kẹ́. Èyí tó bá ń tẹ̀, kò tíì gbẹ, ó máa bu.

Ẹ kó o sí nǹkan tó ní ìdérí. Kòkòrò kéékèèké tó ń jẹ ẹja gbígbẹ, irú wọn náà ń jẹ ẹ́. Tí ẹ bá rí i pé ó ti ń di lẹ́búlẹ́bú nísàlẹ̀, ẹ tún un sá. Ẹ má fi DDVP, oògùn apakòkòrò yẹn, pa kòkòrò inú rẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Jíjẹ rẹ̀? Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná díẹ̀, ẹ fi í sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú irú. Tàbí kí ẹ dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata gígún, kí ẹ fi mu gaàrí. Mi ò tíì rí ẹni tó jẹ ẹ́ pẹ̀lú gaàrí tó bèèrè ẹja.

Ṣọlá_Ìlú_Èkó
Ẹ̀gúsí ke? Ó ti ń wù mí jẹ báyìí o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀fà
Ẹ kú iṣẹ́ ìyá mi. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ tèmi náà, torí nǹkan kan wà tí mo bẹ̀rù nínú irú ìjíròrò báyìí: kí ẹnìkan ka èyí, kó wọ inú igbó, kó kó kòkòrò mìíràn wálé.

Èkùkù yàtọ̀ sí kànnì. Èkùkù (Anaphe venata) ló ń jẹ ewé arère. Àpò kan ṣoṣo tí gbogbo wọn hun, tó dà bí bébà àwọ̀ ilẹ̀, ni wọ́n ń gbé pọ̀ sí, wọ́n máa ń tò tẹ̀léra wọn bí wọ́n bá ń rìn, irun wọn sì ń yún èèyàn lára burúkú. Kànnì kì í hun àpò, inú ilẹ̀ ló ń wọ̀. Tí ẹ bá ti rí àpò, kì í ṣe kànnì.

Àwọn èèyàn ń jẹ èkùkù náà, mi ò ní kí wọ́n má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń ba fítámì B1 jẹ́ nínú ara, iná díẹ̀ kì í sì í pa á. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn dókítà ní ilẹ̀ Yorùbá ti ń rí àìsàn kan tó ń jáde nígbà òjò: ẹni náà á máa bì, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, kò ní lè dúró kó má ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, nígbà mìíràn á máa sọ ìsọkúsọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó so ó pọ̀ mọ́ èkùkù. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò ju ẹ̀gẹ́ lọ lójoojúmọ́ ló ń tètè mú, torí fítámì yẹn ò pọ̀ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má ronú pé ẹnìkan ló ṣe é. Ẹ gbé e wá sí ọsibítù, ẹ sọ ohun tó jẹ fún wọn. Fítámì B1 ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ara á sì tètè yá.

Kànnì náà, ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù. Àwọn olùwádìí ti fún eku ní tútù rẹ̀ rí, ó ṣe wọ́n níjàǹbá. Èyí tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n sá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí Ìyá Alátẹ kọ sókè yẹn, ẹ má fo ìkankan nínú rẹ̀. Ẹni tí edé tàbí alákàn bá ń mú ara rẹ̀ wú, kó yẹra fún un, torí ohun tó wà lára edé tó ń fa ìyẹn wà lára kòkòrò náà.

Ahunṣọ_ÒkèÌlọrin
Ẹ dárúkọ èkùkù, ẹ ò dárúkọ sányán! Àpò tí àwọn ìbátan èkùkù yẹn ń hun, òun ni wọ́n ń bọ̀ nínú omi eérú, tí wọ́n ń ran, tí a fi ń hun sányán. Òwú tí ẹ ń rí lórí ọ̀pọ̀ aṣọ tí wọ́n ń pè ní sányán lónìí, òwú ilé ìtajà ni wọ́n rẹ láró. Ojúlówó rẹ̀ ò wọ́pọ̀ mọ́. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni, mo mọ̀ pé kì í ṣe òun lẹ̀ ń bèèrè. Kànnì yín ò ní òwú.

Ọmọ_Òkè_Ìmàlẹ̀
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin áfáà tó wà níbí: ṣé ó tọ́ ká jẹ ẹ́? Ní ilé tiwa wọ́n pín sí méjì lórí ẹ̀. Bàbá àgbà ń jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi tó dé láti Mẹ́dínà ò fẹ́ rí i nínú abọ́.

ÁfáàKékeré
Ìkọ́ni Málíkì tí à ń tẹ̀lé nílẹ̀ yìí fàyè gba jíjẹ kòkòrò ilẹ̀ tí kò bá léwu, tí èèyàn bá pa á pẹ̀lú èrò àti bísímílà, bí ẹni tó dà á sínú omi gbígbóná. Àwọn tó ń tẹ̀lé ìkọ́ni mìíràn ní tiwọn tó yàtọ̀, bóyá níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń sọ̀rọ̀. Èyí tó ti kú sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má kó o. Ẹ tún bi áfáà àdúgbò yín léèrè, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ là ń parí lórí fóònù. Àti pé bó tilẹ̀ tọ́, kò pọn dandan kó wu èèyàn jẹ. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ ẹran rẹ̀, kí bàbá jẹ kànnì.

Ìgbómìnà_Nílẹ̀_Òkèèrè
Ẹ jẹ́ kí n bá yín rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi kan ará Burkina Faso gbé ike kan wá síbi iṣẹ́, ó ní oúnjẹ pàtàkì ìlú àwọn ni, ní Bobo-Dioulasso, chitoumou ni wọ́n ń pè é. Mo ṣí i, kànnì ni mo bá! Igi òrí náà ló ń jẹ lọ́dọ̀ tiwọn. Àwọn ará Botswana àti Zimbabwe ní tiwọn lórí igi mopane. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, sọ ní 2013 pé irú kòkòrò tí aráyé ń jẹ lé ní 1,900. Ṣọlá, ìwọ nìkan ló kù.

ỌmọIgbájà
Ẹ ti ṣe mí lóore. Ìbéèrè kan ló kù. Àbúrò mi ti ń ṣírò owó, ó ní kí a kó gbogbo rẹ̀ pátá láìku ẹyọ kan, kó má bàa sí ẹni tó máa wá bá wa ṣà á. A sì fẹ́ gba katakata lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, kó túlẹ̀ gbogbo oko náà. Ṣé kò sí wàhálà?

TísàBàọ́lọ́jì
Wàhálà wà níbẹ̀. Tí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀, àfòpiná wo ló máa yé ẹyin lọ́dún tó ń bọ̀? Ẹ yan igi bíi mélòó kan tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn rárá.

Àgbẹ̀Ṣàrẹ́
Ohun tí Tísà sọ ni. Àwọn àgbà tiwa máa ń fi igi tó wà lẹ́bàá odò sílẹ̀, wọn kì í sọ ìdí, wọ́n kàn ní ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Ti katakata: lábẹ́ igi yẹn gan-an ni àwọn tó wọlẹ̀ wà, wọn ò sì jìn. Tí irin bá kọjá, á tú wọn síta fún oòrùn àti adìẹ. Á tún já gbòǹgbò igi. Ẹ ní kí awakọ̀ náà dúró níbi tí òjìji igi bá dé lọ́sàn-án gangan, kí ẹ fi ọkọ́ ro ìyókù nígbà tí òjò bá tún dé. Iná ẹ̀ẹ̀rùn náà ńkọ́, ẹ ro ìdí igi yíká kó mọ́ kí ọyẹ́ tó wọlé, torí ewé gbígbẹ tó kóra jọ síbẹ̀ ló ń gbé iná dé ara igi. Tí ẹ bá ní àwọn darandaran lágbègbè yín, ẹ bá wọn sọ ọ́ ṣáájú, kì í ṣe lọ́jọ́ tí iná bá ti ń jó.

ÌyáAlátẹ_Ìpàta
Ọmọ Igbájà, tí ẹ bá ti sá a gbẹ, ẹ má gbé e wá sọ́jà lápò kan náà. Ẹ ṣa èyí tó ṣẹ́ kúrò nínú odidi kí ẹ tó wọ̀n ọ́n ní kóńgò. Èyí tó ṣẹ́, àwọn tó ń lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀ máa rà á. Odidi ni àwọn tó ń dín in ń wá, iye wọn ò sì dọ́gba. Ọjọ́ ọjà Ìpàta ni kí ẹ tètè dé, àwọn aláròóbọ̀ ló ń pàdé àwọn ará oko lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní ó ti pọ̀ lọ́jà. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ wọlé.